Aago Mẹ́rin Lórí Òkìtì

Òkìtì yẹn kì í ṣe òkè gidi. Ilẹ̀ pupa tí àwọn tó ń ṣe ọ̀nà bọ́dà dà sẹ́yìn abúlé Ìdí-Ọsàn ni. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá kó o, a ò sì tíì rí wọn di òní. Koríko hù sí i lára, òjò tẹ̀ ẹ́, ó le gbagidi. Gbogbo abúlé ló mọ̀ pé ibẹ̀ nìkan ni fóònù ti ń mú nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bí o bá rí àgbàlagbà tó na ọwọ́ méjèèjì sókè níbẹ̀, má rò pé àdúrà ló ń gbà.

Tíṣà Alfred, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tí ìyàwó rẹ̀ ti kú láti ọdún márùn-ún, máa ń gun òkìtì ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ó ní Ayọ̀túndé, ọmọ òun tó wà ní Ìbàdàn, lòun ń pè. Ọ̀rọ̀ náà ti sú Ayọ̀túndé.

"Bàbá, ẹ pè mí lánàá, ẹ pè mí níjẹta. Ṣé kò sí nǹkan?"

"Kí ló máa wà? Ṣé mi ò lè béèrè àlàáfíà ọmọ mi ni?"

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé aago mẹ́rin náà ni Sàlímọ́tù, ìyá Toyibat, máa ń gun òkìtì. Opó ni, ẹ̀gẹ́ ló ń gbìn, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo sì wà nílé ọkọ ní Pọ̀bẹ̀, lódìkejì bọ́dà. Àwọn yòókù a máa ké "Hẹ́lò! Hẹ́lò! Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" títí ohùn wọn á fi há. Sàlímọ́tù ò ké rí. Á gbé fóònù sétí, á ní "Ẹ̀n-ẹ́n. Ó dáa. Ó dàárọ̀," á tì í bọ ìdí ìró, á jókòó sórí òkúta, á sì sún díẹ̀ kí Tíṣà lè ráyè. Nígbà mìíràn, obìnrin kan á ṣàdédé sọ Faransé nínú fóònù náà, Sàlímọ́tù á sì yára pa á.

"Tíṣà, ẹ tún ti fi bọ́tìnnì òkè sínú ihò ìsàlẹ̀. Ṣé báyìí lẹ ṣe kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò?"

Tíṣà á rẹ́rìn-ín bí ọmọ ilé-ìwé. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti lọ, kò sí ẹlòmíràn tó ń wo bọ́tìnnì rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, kí Sàlímọ́tù tó yọ fóònù jáde rárá ló ti ní Toyibat bí ọkùnrin láàárọ̀ yẹn. Tíṣà ní kí Ọlọ́run dá a sí. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò bi í bó ṣe gbọ́.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Dámilọ́lá, ọ̀dọ́bìnrin ẹnjiníà láti ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù kan, wá bá abúlé ṣèpàdé. Ó ní àwọn fẹ́ gbé mástì kalẹ̀.

"Orí àga yín lẹ ó ti máa pe èèyàn. Àwọn ọmọ á máa fi fóònù kẹ́kọ̀ọ́. Àgbẹ̀ á mọ bí ọjà ṣe rí ní Ìlaró kó tó gbé ẹrù kúrò lóko."

Àwọn èèyàn hó yèè. Sàlímọ́tù nìkan ló na ọwọ́.

"Mo gbọ́ pé mástì máa ń fa orí fífọ́. Ẹ jẹ́ ká rọra ṣe é o."

Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín. Tíṣà ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀, ó kàn ń wúkọ́.

Baálẹ̀ ní kí Tíṣà, akọ̀wé abúlé, kọ lẹ́tà ìfọwọ́sí. Ó kọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, ó fi sínú Bíbélì rẹ̀, ibẹ̀ ló sì wà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí Baálẹ̀ bá béèrè, á ní òun ṣì ń tún èdè rẹ̀ ṣe.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, Àrìnpé ìyàwó Àúdù bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Àúdù sáré gun òkìtì láti pe ọlọ́kadà ní Igbógìlà. Ẹrẹ̀ yọ̀ ọ́, ó ṣubú, ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀. Ọlọ́run ló yọ wọ́n, tírélà sìmẹ́ńtì kan tó ń ti Ìbèsè bọ̀ ló gbé Àrìnpé dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì, tìyá tọmọ sì yè.

Tíṣà lọ kí Àúdù. Ó rí ẹsẹ̀ náà bó ṣe wú, ojú sì tì í gan-an. Ó padà sílé, ó yọ lẹ́tà nínú Bíbélì, ó gun ọ̀kadà lọ sí Ayétòrò, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún wọn ní ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù náà. Ó mọ̀ pé ìrọ̀lẹ́ òun lòun lọ fi sílẹ̀ níbẹ̀ yẹn.

Wọ́n gbé mástì. Lọ́jọ́ tí wọ́n tàn án, fóònù ń dún nínú ilé gbogbo bí ẹni pé ọdún dé. Nígbà tó di aago mẹ́rin, Tíṣà gun òkìtì. Ewúrẹ́ Baálẹ̀ ló bá níbẹ̀. Ó jókòó, ó fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ewúrẹ́ yẹn náà ni. Lọ́jọ́ kẹta, ewúrẹ́ pàápàá ò wá. Ó dun Tíṣà wọra.

Lọ́jọ́ kẹrin, ó yẹ bọ́tìnnì rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì, ó forí lé ilé Sàlímọ́tù. Toyibat, tó wá kí ìyá rẹ̀ láti Pọ̀bẹ̀, ló bá lẹ́nu ọ̀nà, ó pọn ọmọ tuntun sẹ́yìn. Ìró ọ̀bẹ ń dún lẹ́yìnkùlé, níbi tí Sàlímọ́tù ti ń bẹ ẹ̀gẹ́.

"Ẹ kúùrọ̀lẹ́, Bàbá Tíṣà."

"Kúùrọ̀lẹ́, ọmọ mi. Mo ní kí n wá wò ó bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì tuntun yìí ti dé yàrá Màmá yín. Kí wọ́n lè máa rí ọ pè láìsí wàhálà."

Ọ̀bẹ dákẹ́ lẹ́yìnkùlé.

"Toyibat!" Sàlímọ́tù ké láti ibẹ̀. "Má sọ̀rọ̀ jù o!"

"Wàhálà wo, Bàbá?" ni Toyibat fèsì. "Láti ọdún mẹ́ta tí mo ti fi síìmù Pọ̀bẹ̀ sínú fóònù wọn, orí ibùsùn ni wọ́n ti ń bá mi sọ̀rọ̀ láràárọ̀, àfi tó bá ti ń di aago mẹ́rin ni wọ́n á ní kí n má pe àwọn o, àwọn fẹ́ lọ sórí òkìtì."