Baba Nọ́ńbà Méje

Jérôme fẹ́ kí wọ́n máa pe òun ní baba, ṣùgbọ́n kò fẹ́ ṣe iṣẹ́ baba. Ẹ̀yin náà ti rí irú wọn rí. Ní Pobè ló ń gbé, ó ń ta sìmẹ́ǹtì àti páànù, ó sì jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ mẹ́ta. Bí wọ́n bá ń sìnkú ní Ita-Djèbou, ìjókòó iwájú ni tirẹ̀. Bí wọ́n bá ń ṣí kànga ní Ahoyéyé, òun ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, òun náà ni yóò sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Gbogbo ayé ló ń rí i, àfi àwọn ọmọ rẹ̀ méjì.

Arlette, ìyá àwọn ọmọ náà, ti kú. Kó tó kú, ohun kan ṣoṣo ló bẹ ọkọ rẹ̀. Ó ní, "Bàbá Gracia, bí àwọn ọmọ mi bá wẹ̀yìn, kí wọ́n máa rí yín." Jérôme sunkún, ó ní òun gbọ́. Ó gbọ́ lóòótọ́, kò kàn ṣe é ni.

Gracia ń gbá bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá fún ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, Yannick àbúrò rẹ̀ sì ń gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Bí àsìkò ìdíje bá ti dé, Ọjọ́rú ni ti Yannick, Àbámẹ́ta ni ti Gracia, ìpàdé àwọn òbí á tún bọ́ sí àárín wọn, bẹ́ẹ̀ ni ìwé èsì tí baba gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí.

Jérôme figbe ta: "Ṣé kí n la ara mi sí méjì ni?"

Àfi bó ṣe la ara rẹ̀ sí méjì lóòótọ́! Ó pe Fálúyì oní-sẹ́mi, tó ń fi alùpùpù gbé èrò nítòsí ọjà, ó kó bùbá àti fìlà rẹ̀ àtijọ́ lé e lọ́wọ́.

"Láti òní lọ, ìwọ ni bàbá wọn nílé ẹ̀kọ́ àti ní pápá. Màá máa sanwó rẹ̀ fún ẹ."

Fálúyì yí fìlà náà wò. "Ọ̀gá, èrò ni mo mọ̀ ọ́n gbé. Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé ipò baba?"

"Kí ló le níbẹ̀? Jókòó, kí o máa mi orí. Bí wọ́n bá ní kí bàbá dìde, kí o dìde."

Òmùgọ̀ gbáà! Ẹni tó ń yá ènìyàn ní fìlà, ó yẹ kó rántí pé orí ń bẹ lábẹ́ fìlà.

Bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Fálúyì kò mirí lásán. Òun ló lọ bá olùkọ́ ìṣirò nígbà tí Yannick gba òdo. Lọ́jọ́ tí Gracia fẹsẹ̀ rọ́, òun ló gbé e lọ sílé ìwòsàn, tó jókòó tì í títí wọ́n fi di ẹsẹ̀ náà. Níbo ni Jérôme wà? Ó wà níbi òkú ẹnì kan tí kò mọ̀ rí, ó ń sọ̀rọ̀ lórí ìtọ́jú ọmọ. Ìgbà tó délé, tó rí aṣọ tí wọ́n fi di ẹsẹ̀ ọmọ, ó bèèrè bóyá àṣà tuntun ni.

Ọdún kejì irú rádaràda yìí ni ilé ẹ̀kọ́ Gracia wọ àṣekágbá ní Sakété. Jérôme gbọ́ pé àwọn aláṣẹ ń bọ̀. Ara rẹ̀ yá gágá! Ó wọ léèsì, ó gbé ayàwòrán sínú ọkọ̀, ó lọ fìdí kalẹ̀ níwájú.

Ó sọ fún Berthe, obìnrin kan tó jókòó tì í, pé, "Ọmọ mi wà nínú àwọn tó ń gbá a yẹn."

"Èwo nínú wọn?"

Jérôme ranjú mọ́ pápá. Gbogbo wọn ló gé irun mọ́lẹ̀, gbogbo wọn ló wọ aṣọ pupa. Ó ní, "Nọ́ńbà méje," ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ fún un kíkankíkan.

Berthe wò ó látòkè délẹ̀. "Háà! Èmi ni mo bí nọ́ńbà méje, bàbá."

Jérôme wúkọ́, ó ṣe bí ẹni pé eruku kó sí i lójú.

Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun. Ẹgbẹ́ Gracia borí, wọ́n sì kéde pé wọ́n ti yan ọmọ náà sílé ẹ̀kọ́ eléré ìdárayá kan ní Porto-Novo. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ní kí bàbá Gracia bọ́ síwájú. Jérôme dìde, ó pe ayàwòrán rẹ̀.

Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, tí kò rí i nípàdé òbí rí, dá a dúró. "Ẹ jọ̀ọ́, ta ni yín?"

"Èmi ni bàbá rẹ̀!"

"Ẹ má bínú, bàbá Gracia rèé." Ó nawọ́ sí Fálúyì, fìlà àtijọ́ náà lórí rẹ̀.

"Irọ́ ni! Oní-sẹ́mi ni! Èmi ni mo gbà á síṣẹ́! Èmi ni mò ń sanwó fún un kó máa ṣe bàbá!"

Ẹnu ara rẹ̀ ló fi tú àṣírí ara rẹ̀. Fálúyì ṣí fìlà, ó nà án sí i. "Òótọ́ ni, ọ̀gá. Ẹ gba fìlà yín."

Gracia fi aṣọ ìnura bo nọ́ńbà tó wà láyà aṣọ rẹ̀. Ó ní, "Òun ló bí mi lóòótọ́." Jérôme rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọmọ náà wá kọjú sí i. "Ṣùgbọ́n bàbá, nọ́ńbà mélòó ni mo wọ̀?"

Jérôme ranjú mọ́ aṣọ ìnura náà. Àfi Berthe tó ké látẹ̀yìn pé, "Ẹ sọ pé nọ́ńbà méje!" Ẹ̀rín bú gbàù. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, ṣùgbọ́n ikú kò yọjú sí i níbẹ̀.

Òfin ní baba tó bí i ni yóò fọwọ́ síwèé ilé ẹ̀kọ́ Porto-Novo náà, Jérôme sì fọwọ́ sí i. Níbi tí wọ́n ti ní kí ọmọ kọ ẹni tí wọn yóò pè bí ara rẹ̀ kò bá yá, Fálúyì ni Gracia kọ. Nígbà tí wọ́n ń lọ, Jérôme ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ fún Yannick. Ọmọ náà wo ọkọ̀, ó lọ gun ẹ̀yìn alùpùpù. Ayàwòrán nìkan ló bá a padà sí Pobè.

Kí oṣù tó parí, ẹgbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti yan ààrẹ mìíràn. Bó bá ń kọjá, àwọn ọmọdé á máa pè é ní Baba Nọ́ńbà Méje. Nígbà ìsinmi, Gracia wá kí i. Ó kúnlẹ̀, ó jókòó bí àlejò, ó mu omi, ó dúpẹ́, ó sì dìde.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ máa ń ní ọwọ́ yín dí, tiyín ni mo ń sọ. A lè gba ènìyàn kó bá wa roko, kó bá wa rẹrù, kó tilẹ̀ bá wa gbé ọmọ délé ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ojú tí ọmọ ń wá bó bá wẹ̀yìn ní pápá, a kì í gbà á síṣẹ́. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tó bá kọ iṣẹ́ baba sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, kó má janpata lọ́jọ́ tí ẹni tó ṣiṣẹ́ bá gba orúkọ.