Èsúnsún Tó Ń Jáde Nídìí Òpó

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ilé, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbé ilé onílé, ẹ má ka ìtàn yìí dé àárín kẹ́ ẹ wá jù ú sílẹ̀. Ẹ kà á tán, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ dìde lọ fọwọ́ kan òpó ilé yín.

1.

Adékànmí ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì onípákó kan ní Amùkòkò. Wáàfù Àpápá ló ti ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde. Ibẹ̀ náà ló ti kó pákó tó fi kọ́lé: pákó tí wọ́n fi ń ti ẹrù nínú ọkọ̀ ojú omi, tí wọ́n máa ń tà ní ọ̀pọ̀ bí ọkọ̀ bá ti já ẹrù tán. Fàráńdà òkè tó wà lẹ́yìn ilé dúró lórí òpó igi mẹ́ta. Omi balùwẹ̀ ń ṣàn gba ìdí òpó àárín lójoojúmọ́.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lọ́dún 1988, èsúnsún tú jáde nídìí òpó àárín yẹn. Inú gbogbo ilé dùn. Àwọn ọmọ gbé báfù omi síta, àwọn ìyá wá iyọ̀ àti ata. Adékànmí jókòó sórí àga, ó ní kí wọ́n gbé abọ́ tòun wá.

"Èsúnsún ilé mi ni. Onílé ló ń kọ́kọ́ jẹ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n bu tiẹ̀ fún un. Bẹ́ẹ̀, ikán tó hu ìyẹ́ ni èsúnsún. Ibi tó bá ti jáde, ibẹ̀ làwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì wà tí wọ́n ń jẹun.

2.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò rẹ́rìn-ín: Láwàlì, káfíńtà tó ń gbé yàrá kan nísàlẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó lóṣòó sídìí òpó náà. Ó rí erùpẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gun igi lọ bí okùn. Ó ha á, ikán funfun sì tú síta. Ó kan òpó náà, ó dún bí àpótí òfìfo. Ó fi àtàǹpàkò ti ìṣó gígùn kan bọ̀ ọ́, ìṣó náà sì wọlé tán.

"Bàbá, ẹ wá wò ó o. Ikán ti jẹ inú ẹ̀, omi balùwẹ̀ sì ti mú kí ìdí ẹ̀ jẹrà. Ẹ jẹ́ ká fi igi mìíràn gbé fàráńdà yìí dúró, ká gé òpó yìí kúrò, ká gbé tuntun lé orí kankéré. Ká sì darí omi yẹn síbòmíràn."

"Láwàlì, ó dà bíi pé èsúnsún tá a bù fún ẹ lánàá ò tó. Iṣẹ́ lò ń wá."

"Mi ò ní gba owó iṣẹ́, Bàbá. Ẹ ṣáà ra igi."

"Má fọwọ́ kan ilé mi mọ́!"

Nígbà tí ọdún Ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ń bọ̀, tí àlejò máa wá, Adékànmí ra ọ̀dà aláwọ̀ ewé. Ó ní kí wọ́n kùn ún bo gbogbo òpó, àti ọ̀nà ikán àti ibi tó ti jẹrà. Láwàlì tún sọ̀rọ̀. Onílé kọ̀wé fún un pé kó kó jáde. Ó kó lọ sí Olódì-Àpápá.

3.

Ọdún méjì kọjá báyẹn. Bí Ìkórè bá ti dé, wọ́n á tún ọ̀dà kùn. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, èsúnsún á pọ̀ ju tèṣí lọ, onílé á sì gba abọ́ tiẹ̀.

Onome, aránṣọ tó ń gbé òkè, máa ń gbé maṣíìnì rẹ̀ sí fàráńdà kó lè rí ìmọ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó pe onílé láti òkè.

"Baba, abeg, dis floor dey shake o! Bí mo bá ti ń tẹ maṣíìnì, ó ń jó!"

"Ìwọ ni kó o dín ẹ̀bà kù! Bí ò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yàrá pọ̀ ládùúgbò Boundary."

Àwọn ayálégbé yòókù rẹ́rìn-ín. Àwọn náà o! Lórí ohun tó lè pa wọ́n! Onome sún maṣíìnì rẹ̀ mọ́ ògiri. Agbára rẹ̀ ò ju ìyẹn lọ.

4.

Ní Sátidé tó ṣáájú Ìkórè ọdún 1990, òórùn ọ̀dà ṣì ń gba inú ilé kan. Moyinolúwa, ọmọ Adékànmí, ọmọ ọdún mọ́kànlá, gòkè lọ wọ aṣọ Ìkórè tí Onome rán fún un wò. Ó jáde sí fàráńdà.

"Dádì, ẹ wò mí!"

Onome wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́bàá rẹ̀, ó ń tún etí aṣọ náà ṣe. Bàbá dúró sí ẹ̀yìnkùlé, ó gbójú sókè, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀.

"Ó mà yẹ ẹ́ o! Yí padà, kí n rí ẹ̀yìn ẹ̀."

Ọmọ náà yí padà. Òpó àárín kò kán pàá bí igi gidi ṣe ń kán. Ńṣe ló rì wọlẹ̀ bíi búrẹ́dì tó bọ́ sómi, fàráńdà sì tẹ̀ lé e.

Ìbàdí Onome fọ́. Títí dòní, kò lè tẹ maṣíìnì mọ́. Moyinolúwa kò rí ọjọ́ Ìkórè.

Láwàlì gbọ́, ó sáré wá. Ó fi ọwọ́ kan ṣoṣo gbé òpó náà sókè. Ọ̀dà ló kù níta, erùpẹ̀ ló wà nínú. Adékànmí di ẹsẹ̀ Láwàlì mú.

"O sọ fún mi, Láwàlì. O sọ fún mi."

Ọlọ́pàá wá, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé jàǹbá ni. Kò sẹ́ni tó bi Onome ní ọ̀rọ̀ kankan.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ọdún tó tẹ̀ lé e rọ̀, èsúnsún tún jáde níbi tí òpó yẹn wà. Kò sí ọmọ tó gbé báfù síta. Adékànmí jókòó sórí àga rẹ̀. Wọ́n ń bà lé e lórí, wọ́n ń bà lé e léjìká, kò lé wọn.

Ẹ̀yin onílé, ọ̀dà tẹ́ ẹ fi bo igi tó ti jẹrà, ojú àlejò lẹ fi ń tàn. Ẹ kan òpó yín, ẹ kan àjà, ẹ kan férémù ilẹ̀kùn. Bí ẹ bá rí erùpẹ̀ tó ń gun igi, bí èsúnsún bá jáde nínú ilé, ẹ pe káfíńtà kẹ́ ẹ tó gbé ìkòkò kaná. Ẹ má jẹ́ kí omi máa dúró nídìí igi. Ẹ̀yin ayálégbé, bí ẹnì kan nínú yín bá ké pé ilẹ̀ ń mì, ẹ má fi í rẹ́rìn-ín. Gbogbo yín ni kẹ́ ẹ jọ lọ bá onílé.

Adékànmí ní ọdún méjì gbáko, ó sì ní káfíńtà tó fẹ́ ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀yin ò mọ iye ọjọ́ tó kù fún òpó tiyín. Ẹ lọ kàn án lónìí.