Ìgbẹ́ Ta Ló Ń Ṣàn?

Adágún tó wà lẹ́bàá ibùdó ìgbafẹ́ yìí ní Mìsúrì, Amẹ́ríkà, mọ́ gaara, ṣùgbọ́n òórùn ìgbẹ́ ò jẹ́ kí Darlene gbádùn òpin ọ̀sẹ̀ rẹ̀.

Omi ìdọ̀tí ń ṣàn lábẹ́ tábìlì oúnjẹ wọn, níta ọkọ̀-ilé wọn, ọkọ̀ ńlá tó ní ibùsùn àti ilé ìgbẹ́ nínú.

"Ọkọ̀-ilé bàbá ẹ̀gbẹ́ wa yẹn ló ń jò," ó sọ fún Wendell, ọkọ rẹ̀. "Ọ̀bùn burúkú."

Wendell ń jẹun rẹ̀ lọ.

Bàbá náà, Orrin, gbé ẹja àrọ̀ díndín wá fún wọn. Darlene bo imú, ó dá ẹja náà padà.

Ló bá lọ pe obìnrin tó ń bójú tó ibùdó náà.

Alábòójútó náà tọ ipa omi náà títí dé abẹ́ ọkọ̀-ilé Darlene.

"Páìpù yín ló là, mà. Bàbá Orrin ló ń bá yín da iyanrìn bò ó."

Darlene yíjú sí ọkọ rẹ̀.

"Mo ti rí i látàná," Wendell ní. "Mo rò pé a ó ti lọ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀."

Òórùn ìgbẹ́ ò jọ Darlene lójú mọ́. Ọkọ rẹ̀ gan-an ló wá ń rí i lára.