Ọjọ́rú Onífọ́tò

Ọdún mọ́kànlá ni Télọ̀ àti Onífọ́tò ti jọ ń gbé inú yàrá méjì kan lẹ́yìn ọgbà ilé ìwé. Àwọn ará ilé gbà pé tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni wọ́n, àwọn ọkùnrin méjèèjì kò sì jiyàn. Tí wọ́n bá ti pa ilẹ̀kùn dé, olólùfẹ́ ni wọ́n.

Àwòrán ló kọ́kọ́ kúrò nílé. Onífọ́tò yọ ẹyọ kan tí wọ́n jọ yà kúrò lára ògiri, ó ní kòkòrò ti ń jẹ ẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di aṣọ mẹ́ta àti ẹní kan, ó kó wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

"Iṣẹ́ pọ̀," ló wí. "Lọ́jọ́ mìíràn, ibẹ̀ ni n ó máa sùn. Ìwọ náà, má wá sí ṣọ́ọ̀bù mọ́."

"Kí ni mo ṣe?"

"O ò ṣe nǹkan kan. Má ṣáà wá."

Télọ̀ kò lọ, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Ní gbogbo Ọjọ́rú, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Onífọ́tò á wẹ̀, á wọ ṣẹ́ẹ̀tì alápá gígùn, á de bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọrùn, ooru ìbáà mú bí iná. Tó bá dé nírọ̀lẹ́, kì í jẹun. Á kọjú sí ògiri. Tí Télọ̀ bá gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn, á yára sún kúrò.

"Níbo lo ti ń bọ̀?"

"Mo lọ ya fọ́tò fún àwọn kan."

Kámẹ́rà rẹ̀ ṣì wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn, níbi tó wà láti àárọ̀.

Ọkàn Télọ̀ kò sí nídìí máṣíìnì mọ́. Ó gé apá ọ̀tún aṣọ kan kúrú ju tòsì lọ. Ìyá tó ni aṣọ gbé e wọ̀, ó wo dígí, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ọ̀gá Télọ̀, ṣé ọwọ́ mi kan ló ń dàgbà ni? Ẹ tún wo bí ẹ ṣe rù! Obìnrin kan ló ń fojú yín rí màbo. Ẹ lọ bá a, kí ẹ sọ ọ́ sí i lójú."

Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, Télọ̀ ti ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ pa, ó tẹ̀ lé Onífọ́tò lókèèrè. Onífọ́tò kò yà sílé obìnrin kankan. Àgọ́ ọlọ́pàá ló lọ, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́, kò kan ilẹ̀kùn. Sájẹ́ńtì kan jáde, ọmọkùnrin gíga, aṣọ rẹ̀ gún régé. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó di Onífọ́tò lọ́wọ́ mú, wọ́n jọ wọlé.

Télọ̀ dúró ní òdìkejì ọ̀nà fún wákàtí kan. Kì í gba ibẹ̀ kọjá tẹ́lẹ̀. Àwọn méjì bíi tiwọn tí wọ́n mọ̀ ti wọ àgọ́ yẹn rí, ọ̀kan ṣoṣo ló jáde. Lọ́jọ́ náà, ó gun àtẹ̀gùn rẹ̀, ó wọlé.

Sájẹ́ńtì náà ń ti yàrá ẹ̀yìn bọ̀. Ó ti ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó ń nu òógùn.

"Ẹ káàsán. Ta lẹ̀ ń wá?"

Télọ̀ rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ìwọ ni. Fi Onífọ́tò sílẹ̀ fún mi."

Sájẹ́ńtì wò ó. Ó fa àga kan jáde. "Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n. Kí lẹ jẹ́ sí i?"

"Ó ti sọ̀rọ̀ mi fún ọ, àbí?"

"Rárá o. Kò dárúkọ yín rí. Ó ní òun nìkan lòun ń gbé."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Télọ̀ lára bí abẹ́rẹ́ tó wọ abẹ́ èékánná.

"Òun nìkan kẹ̀? Irọ́ ló pa! Ọdún mọ́kànlá la ti jọ ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan. Èmi ni olólùfẹ́ rẹ̀. Èmi ni mo ni ín kó tó mọ̀ ọ́."

"Ó ga o," Sájẹ́ńtì wí jẹ́jẹ́. "Kí lorúkọ yín? Ilé yín ńkọ́?"

Télọ̀ sọ méjèèjì ketekete, ó gbé orí sókè. Sájẹ́ńtì kọ wọ́n sílẹ̀, ó dé bírò rẹ̀, ó sì ké sí àwọn tó wà ní yàrá ẹ̀yìn:

"Ẹ má nà án mọ́, ẹni tí Onífọ́tò ti ń fi pa mọ́ fún wa láti oṣù méje ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé."