Ihò Igun Tábìlì

Sínúkà gbígbá ni Láwuyì fi ń jẹun. Lálẹ́ tí ìdíje ku ọ̀la, òun nìkan ló kù nídìí tábìlì. Ó gbá bọ́ọ̀lù dúdú wọ ihò igun, kò gbọ́ kó balẹ̀. Ó gbá pupa tẹ̀ lé e, kẹ́kẹ́ pa.

Inú bí i burúkú. “Olè wo ló ń kó bọ́ọ̀lù mi? Dá wọn padà kí n tó fọ́ tábìlì yìí!”

Ọ̀pá tó fi ń gbá bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ló bá ki ọwọ́ òsì bọ ihò tí kò jìn tó àtẹ́lẹwọ́. Ọwọ́ wọlé dé ìgbọ̀nwọ́. Ni ẹnì kan bá gbá ọwọ́ náà dànù látinú lọ́hùn-ún.

“Ìwọ ọmọ yìí,” ohùn arúgbó kan jágbe látinú tábìlì, “àgbà lo ń na ọwọ́ òsì sí? Èyí tó o fi ń jẹun ni kó o nà wá síbí.”