Bàbá Tó Dé Fìlà Bo Etí

"Ẹ kú iṣẹ́ o, màmá. Ọ̀gá ńkọ́?"

Agbẹ́gilére gbé òòlù sílẹ̀, ó fọwọ́ ti ìbàdí tó ń ro ó. Ilé ẹjọ́ ń wá ẹni tí yóò gbẹ́ ère ẹnu ọ̀nà wọn, iṣẹ́ ọ̀hún sì ń wù ú dénú egungun.

"Èmi náà ni ọ̀gá, pẹ̀lú gbogbo èérún igi tó wà nídìí mi yìí."

Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ẹjọ́ bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ má ṣàwàdà, màmá. Bàbá tó ń gbẹ́ ère là ń wá."

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú u. Ó nawọ́ sí bàbá tó jókòó ní igun tó ṣókùnkùn, tó dé fìlà bo etí.

Wọ́n tẹríba, wọ́n kí i, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ pé kó gba iṣẹ́. Bàbá ò mira.

"Ṣé inú ń bí wọn ni?"

"Rárá o." Ó ṣí fìlà kúrò lórí igi náà, ó mú òòlù. "N ò tíì gbẹ́ etí wọn ni."