Ìṣẹ́jú Méjì Lórí Kẹ̀kẹ́ Àyẹ̀wò Ọkàn

Ẹ̀yin ará mi, ẹ má tíì fi ìtàn yìí ránṣẹ́ o. Ẹ kọ́kọ́ kà á dé òpin, pàápàá ẹ̀yin tí bàbá yín ń dá gbé.

1. Ọ̀gá Adéṣínà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ báńkì ní Bìní. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ọmọlará, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá. Ilé ńlá ní àdúgbò Ogida, òun nìkan ló wà níbẹ̀. Lọ́dún 2012, tó bá ń rìn lọ sí ọjà Sàǹtánà, á dúró sinmi lẹ́ẹ̀mẹta. Á gbé fóònù sétí bí ẹni tó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, kí wọ́n má baà mọ̀ pé kò lè mí dáadáa. Ẹnì kankan ò sì pè é.

2. Dókítà kan ní GRA ya àwòrán ọkàn rẹ̀ bó ṣe dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó dára.

"Ọkàn tó ń sinmi kì í sọ gbogbo òótọ́, sà," ni dókítà wí. "Ẹ máa wa kẹ̀kẹ́ tí a dè mọ́lẹ̀ yìí, ká lè ya àwòrán rẹ̀ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Tí èémí bá há, ẹ sọ fún wa."

Ta ló wá di ẹ̀rọ àwòrán náà mú? Bùsáyọ̀, ọmọ Títíloyè, ẹni tó ti jẹ́ mẹ́sẹ́ńjà Ọ̀gá rí ní báńkì! Kí ìṣẹ́jú kan tó pé, àyà ti ń fún Ọ̀gá.

"Ṣé èémí yín ò há, sà?" ni Bùsáyọ̀ bi í.

"Ara le, a dúpẹ́."

Ṣé ẹ mọ̀ pé bí a ṣe máa ń dáhùn nìyẹn, kódà kí ilé máa jó. Ní ìṣẹ́jú kejì, ó sọ̀ kalẹ̀.

"Orúnkún ló ń dùn mí."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọkàn yín ò tíì ṣiṣẹ́ tó ohun tí a lè fi mọ nǹkan kan. Ẹ padà wá ní Tọ́sìdeè," ni dókítà wí.

Kò padà. Kí ọmọ mẹ́sẹ́ńjà máa wo òun bí òun ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ? Láéláé!

3. Ọmọlará pè lọ́jọ́ Sọ́ńdè.

"Daddy, wetin doctor talk? Make I come?"

"Wọ́n ní ọkàn mi dára. Má wá. Jókòó sẹ́nu iṣẹ́ ẹ."

Kò sì sí ohun tó wù ú láyé ju kí ọmọ náà wá lọ. Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, ó sunkún.

4. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú débi pé bàtà ò wọ̀ ọ́ mọ́. Kò sọ fún ẹnì kankan. Lọ́jọ́ kan, orí àga ni Àbúdù aládùúgbò rẹ̀ ti bá a, ó ti kú láti àná.

Ọmọlará rí àwòrán orí bẹ́ẹ̀dì yẹn nínú ilé, ó mú un lọ bá Bùsáyọ̀ ní ilé ìwòsàn.

"But the heart was fine, abi?"

Bùsáyọ̀ bú sẹ́kún. "Àǹtí, ìgbà tó ń sinmi nìyẹn, a ò tíì wò ó tán. Ká ní Bàbá padà wá ni, oògùn wà tí à bá fún wọn."

"Na him say make I no come," ni Ọmọlará ń tún sọ ṣáá. "Na him say make I no come."

Ẹ̀yin òbí, ẹ gbọ́ o! Tí dókítà bá ní kí ẹ wa kẹ̀kẹ́, ẹ wà á. Tí èémí bá há, ẹ pariwo, ojú yòówù kó máa wò yín. Ẹ̀yin ọmọ, tí wọ́n bá ní kí ẹ má wá, ẹ wá. Àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú. Ẹni tó bá sì dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.